Corolla 2005 mi ò fà mọ́: mo tẹ iná dé ilẹ̀, kò kọjá 60

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gbé mi wá. Corolla 2005 ni, ẹnjíìnì 1.8, gíà ọ̀tọ̀mátíìkì. Tòkunbọ̀ ni mo rà á ní 2019, kò sì dà mí láàmú rí títí di oṣù méjì sẹ́yìn.

Tí mo bá ṣáná sí i, ó ń dún jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n, kò sì kú. Ìgbà tí mo bá wọ títì tí mo tẹ iná ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ló máa ń kérora bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó lè fà dé 60, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Ní Sátidé tó kọjá mo ń gun òkè Mókọ́lá n'Ìbàdàn, Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó kó èrò mẹ́ta sẹ́yìn ló ré mi kọjá. Ọmọ kékeré tó wà nínú rẹ̀ tún ń juwọ́ sí mi.

Ohun tí mo ti ṣe rèé: plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun, fílítà afẹ́fẹ́ tuntun, wọ́n fọ nọ́sù, wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo inú táǹkì. Owó tó ti bá a lọ á tó ₦140,000. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Àná ni mẹkáníìkì mi wá ní gíà ló kù, kí n lọ wá owó gíà. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó tún náwó, ta ló ti rí irú èyí rí?

Awakọ̀_Ṣakí | 9:40 àárọ̀

Epo ni, ọ̀rẹ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé 2022 ni? Oṣù kejì ọdún yẹn, ìjọba fúnra wọn jáde wí pé methanol ti pọ̀ jù nínú epo kan tí wọ́n kó wọ̀lú. Ọkọ̀ tèmi ń kú káàkiri títì bí adìyẹ tó jẹ májèlé. Fa gbogbo epo inú táǹkì dànù, kí o lọ ra òmíràn níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá_Ìbejì_Camry | 10:05 àárọ̀

Epo burúkú kì í ṣe oṣù méjì gbáko, àfi tí ẹni náà bá ń rà á ní ilé epo kan náà lójoojúmọ́.

Camry tí mo fi ń gbé èrò ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an lọ́dún tó kọjá. Sẹ́ńsọ̀ MAF ló dọ̀tí. Ẹ máa rí i lára ọ̀nà afẹ́fẹ́, lẹ́yìn ilé fílítà. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tó bá ń kọjá á máa tù ú, ibẹ̀ ni ọpọlọ ọkọ̀ ti ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Tí eruku bá bò ó, á máa purọ́ pé afẹ́fẹ́ ò pọ̀, epo tí wọ́n ń fún ẹnjíìnì á sì dín kù. Agolo tí wọ́n ṣe fún fífọ MAF ni kí o fi fọ̀ ọ́ o, kì í ṣe ti bírékì. Má fi ìka kàn án, má fi òwú nù ún. Ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha tèmi lójú mi báyìí. Ọjọ́ náà gan-an ni mo ra òmíràn.

Bàbá_Gáàtì | 11:32 àárọ̀

Ọmọ_Àgbẹ̀ni, má ra ohunkóhun mọ́. Ọdún 31 ni mo ti ń tú ẹnjíìnì ní Gáàtì níbí, àwọn tó ń fi owó oníbàárà dá ifá sì ń bí mi nínú. Wọ́n á yọ eléyìí, wọ́n á yọ tọ̀hún, tó bá ṣe kòńgẹ́, wọ́n á ní àwọn mọṣẹ́.

Ọkọ̀ tí kò fà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bóyá epo ò tó o. Bóyá iná plọ́ọ̀gì ò tó. Bóyá kò rí èémí mí. Tàbí kẹ̀ agbára wà nínú ẹnjíìnì, àmọ́ nǹkan kan ń jẹ ẹ́ kó tó dé táyà. Èwo nínú wọn? Dá mi lóhùn ná:

Tí o bá tẹ iná dé ilẹ̀ lójú títì, ṣé abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹnjíìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ń sáré gòkè, tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò wá lọ? Àbí abẹ́rẹ́ náà gan-an ò gòkè?

Fi gíà sí P, kí o rọra tẹ iná. Ṣé ó ń dé 5000?

Lẹ́yìn tí o bá wà á fún ogún ìṣẹ́jú, sọ̀ kalẹ̀, sún ọwọ́ mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan, má fọwọ́ kàn án. Ṣé ọ̀kan gbóná ju àwọn yòókù lọ? Bírékì tó há lè sọ ọkọ̀ di ìgbín.

Kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́, ṣé kò há sábẹ́ ibi iná? Má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ti gbé ọkọ̀ wá bá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí kápẹ́ẹ̀tì.

Iná check engine ńkọ́?

Olówó_Ẹyọ | 12:10 ọ̀sán

Gíà ni jàre. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo pààrọ̀ gíà bọ́ọ̀sì, ó sì dáa. Ẹ má jẹ́ ká máa fi ìbéèrè pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | 1:25 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin Bàbá. Mo ti lọ wò ó.

Abẹ́rẹ́ RPM fúnra rẹ̀ ni kò gòkè. Lójú títì ó máa ń dúró sí nǹkan bíi 3000, ohùn kan á sì máa dún níwájú, fúúù, bí ẹni tó ń mí látinú ìgò. Lórí P náà, ó dé 3200, ó dúró. Ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà. Kápẹ́ẹ̀tì ò há (mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú). Kò sí iná check engine kankan, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́ tónítóní.

Bàbá_Gáàtì | 1:50 ọ̀sán

Ó dáa. A ti lé gíà kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ò sì tíì ná kọ́bọ̀.

Olówó_Ẹyọ, ìwọ gbọ́ ìdí rẹ̀. Gíà tó ń yọ̀, ńṣe ni ẹnjíìnì rẹ̀ máa ń ké bí ewúrẹ́, RPM á fò lọ sí 4000, ọkọ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́. Tirẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí P, gíà ò gbé ẹrù kankan, síbẹ̀ ẹnjíìnì ò lè kọjá 3200. Ṣé gíà ló wá di ẹnjíìnì mú níbi tí kò ti fọwọ́ kàn án?

Rìwáyà_Mushin | 2:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ n béèrè ohun kan lórí iná check engine yẹn. Nígbà tí o bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, tí o kò tíì ṣáná, ṣé iná náà máa ń tàn kó tó kú? Ó yẹ kó tàn pẹ̀lú ti ọ́ìlì àti ti bátìrì. Tí kò bá tàn rárá, kì í ṣe pé ara ọkọ̀ dá o. Wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n ti fi téèpù dúdú bò ó lẹ́yìn. Mo ń rí i lára tòkunbọ̀ dáadáa.

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | 2:41 ọ̀sán

Háà. Kò tàn. Ti ọ́ìlì tàn, ti bátìrì tàn, tirẹ̀ ò tàn.

Rìwáyà_Mushin | 2:50 ọ̀sán

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wá skánà kékeré tó ń ka ohun tí ọpọlọ ọkọ̀ ń sọ, irú ELM327 tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kò wọ́n. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí orúnkún awakọ̀ wà. Má kàn ka kóòdù kí o dìde o. Àwọn nọ́ńbà tó ń yí lójú ẹsẹ̀ ló wúlò jù. Gba ìwọ̀nyí wá: fuel trim (ìdá epo nínú ọgọ́rùn-ún tí ọpọlọ ọkọ̀ ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò), èyí tó kúrú àti èyí tó gùn, nígbà tí o kò tẹ iná, àti nígbà tí o bá di RPM mú sí 2500. Lẹ́yìn náà, gíráàmù afẹ́fẹ́ tí MAF ń kà nígbà tí o bá tẹ iná dé ilẹ̀ lójú títì ní 3000. Ẹlòmíràn ni kó di fóònù mú o, kì í ṣe ìwọ tó ń wakọ̀.

Ará_Kétu | 3:30 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, láti Kétu ní Benin níbí. Ọ̀rọ̀ epo tí ẹnì kan sọ lókè yẹn, ẹ má tíì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì lọ́dọ̀ wa, ìdọ̀tí inú rẹ̀ máa ń dí ajọ̀ kékeré tó wà nídìí pọ́ǹpù. Tí ọkọ̀ bá dúró, epo díẹ̀ tó ń kọjá á tó o. Tó bá di orí òkè, kò ní tó mọ́. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 tí kpayo sì wọ́n, àwọn kan ti ń da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ṣé nígbà tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù yìí, wọ́n pààrọ̀ ajọ̀ ìdí rẹ̀?

Bàbá_Gáàtì | 4:02 ọ̀sán

Ará_Kétu, ọgbọ́n nìyẹn. Ọmọ_Àgbẹ̀ni, bí ẹnì kan bá ní gééjì ládùúgbò, kó wọn présọ̀ epo fún ọ. Ti Corolla yìí, láàárín 44 sí 50 psi ló yẹ kó wà. Kó má sì wolẹ̀ nígbà tí o bá tẹ iná. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó tú táǹkì rẹ nìyẹn.

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi ló di fóònù mú, èmi wakọ̀. Ohun tí a rí rèé:

Kóòdù kan ṣoṣo: P0420.
Fuel trim tó gùn: +3.9 nígbà tí mi ò tẹ iná, +4.7 ní 2500. Èyí tó kúrú ń lọ ń bọ̀ láàárín -2 àti +3.
MAF nígbà tí mi ò tẹ iná: 2.6.
MAF ní 3000 pẹ̀lú ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ lójú títì: 21. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣe é, 20, 21, 21.
Présọ̀ epo: 47 psi. Ó dúró síbẹ̀ bí mo ṣe tẹ iná tó.

Mo wá wo pọ́ǹpù tí wọ́n yọ tí ó wà nínú búùtù mi, inú bí mi díẹ̀.

Bàbá_Gáàtì | 8:15 alẹ́

Má ju pọ́ǹpù yẹn nù. Ó ṣeé ṣe kó dáa ju tuntun lọ.

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà yìí papọ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń rò pé skánà ló ń wo ọkọ̀ sàn.

Ẹnjíìnì lítà 1.8 ni. Ó gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì kó tó mí èémí kan kíkún. Ìyípo kan, lítà 0.9. Ní 3000 RPM, ó ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 50 lọ́nà 0.9 jẹ́ lítà 45. Lítà afẹ́fẹ́ kan nínú ooru Ìbàdàn yìí wọ̀n tó gíráàmù 1.15. Ẹnjíìnì kì í mí tán pátápátá, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Ohun tó yẹ kí MAF kà ni nǹkan bíi gíráàmù 44 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ka 21. Ìdajì èémí ni ọkọ̀ yìí ń mí.

Ìyá_Ìbejì á ní MAF ló ń purọ́. Ìbéèrè tó dáa ni. Tí MAF bá purọ́ pé afẹ́fẹ́ kéré nígbà tí afẹ́fẹ́ pọ̀, epo tí wọ́n máa fún ẹnjíìnì ò ní tó. Sẹ́ńsọ̀ inú sílẹ́ńsà á mọ̀, á ké gbàjarè, ọpọlọ ọkọ̀ á máa fi epo kún epo, fuel trim á gòkè lọ sí +15, +20, pàápàá ní 2500. Tirẹ̀ ò kọjá +5. Bí pọ́ǹpù bá kú, bákan náà ni trim á ṣe. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò wọlé lẹ́yìn MAF, trim á ga nígbà tí kò tẹ iná, á wá sọ̀ kalẹ̀ ní 2500. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbí. MAF ò purọ́. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ò wọlé.

Kí ló wá dé tí kò wọlé? Ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló dí. Yọ fílítà, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ dé throttle, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹnjíìnì. Mo ti yọ ìtẹ́ eku níbẹ̀ rí, eku náà sì wà nílé. Tí ibẹ̀ bá mọ́, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ló dí. Dá ẹnu rẹ dé, kí o gbìyànjú láti tún fi imú mí sínú lẹ́yìn tí àyà rẹ ti kún. Kò ní lọ. Èyí tó wà nínú ò tíì jáde, níbo ni tuntun máa gbà?

Ní ẹ̀yìn, ohun tó sábà máa ń dí ni kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ọ̀nà sílẹ́ńsà. Òun náà ni P0420 yẹn ń sọ pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Olówó_Ẹyọ | 8:33 alẹ́

Bàbá, ẹ ti sọ ibí di kíláàsì ìṣirò. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò mọ gíráàmù, ó kàn máa ń gbọ́ ohùn ẹnjíìnì ni.

Bàbá_Gáàtì | 8:41 alẹ́

Ọ̀gá tèmi náà bẹ́ẹ̀. Ẹnjíìnì kábúrétọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà náà. Etí mi ṣì dáa. Àmọ́ tí mo bá fi etí nìkan gbọ́ ọ, ₦140,000 mìíràn ni mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Rìwáyà_Mushin | 9:00 alẹ́

Ìdánwò kan wà tí kò gba owó. Sẹ́ńsọ̀ òkè nínú ọ̀nà èéfín, èyí tó ṣáájú kátálíìsì, yọ ọ́. Jẹ́ kí ẹnjíìnì tutù ná, fi WD-40 rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́jú, spáná 22 ló máa ń gbà á. Má fà á yọ lára wáyà, so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí kò ti ní kan nǹkan gbígbóná. Ihò yẹn ti di ọ̀nà àbáyọ fún èéfín nìyẹn. Ṣáná sí i, kí o wo bí RPM ṣe máa gòkè. Ní gbangba o! Má ṣe é nínú gáréèjì, èéfín yẹn máa ń pani láìlóòórùn. Má sì wà á ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, èéfín gbígbóná náà lè sun wáyà.

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | Ọjọ́rú, 10:52 àárọ̀

Ọ̀nà afẹ́fẹ́ mọ́. Kò sí eku.

Mo yọ sẹ́ńsọ̀. Ariwo tó sọ, ẹ̀yin ará mi! Jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour méwàá ò lè pariwo bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó wà ní ilé kejì jáde wá, wọ́n ní ṣé ilé ń wó ni. Àmọ́ lórí P, abẹ́rẹ́ fò kọjá 5000 láìrọra. Mo wà á yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan péré. Ó FÀ. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti rí irú ẹ̀.

Awakọ̀_Ṣakí | 11:05 àárọ̀

Mo gbà. Kì í ṣe epo.

Olówó_Ẹyọ | 11:20 àárọ̀

Kátálíìsì nìyẹn. Gé e dànù, kí o so páìpù sí i. Àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kú ládùúgbò wa ti ń ra kátálíìsì báyìí, owó gidi ni wọ́n ń san. Wàá tún jèrè.

Ará_Peckham | 12:40 ọ̀sán

Wọ́n ń san owó gidi nítorí platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀. Òun náà ló fà á tí àwọn olè fi ń gé e lábẹ́ ọkọ̀ wa lóru ní London níbí.

Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú kátálíìsì tí wọ́n wá yọ ọ́ kúrò, kò lè yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Ti dísù náà bẹ́ẹ̀: láti oṣù kejì 2014, tí DPF (fílítà tó ń mú èédú inú èéfín dísù) tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò bá sí mọ́, o ti féèlì. Dísù tèmi ò fà rí bíi ti Ọmọ_Àgbẹ̀ni, DPF ló kún. Gbígbé ọmọ lọ síléèwé, máìlì kan lọ, máìlì kan bọ̀, ni mo ń fi í ṣe, kò ráyè gbóná kó jó èédú inú rẹ̀. Mo gbé e lọ sórí òpópónà M25, mo jẹ́ kó sáré fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó sì tú. Ṣé Corolla ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá_Gáàtì | 1:15 ọ̀sán

Ará_Peckham, ọ̀tọ̀ ni tìrẹ. Èédú ló kún tìrẹ, iná lè jó o. Ti epo bẹntiróòlù, amọ̀ inú rẹ̀ tó dà bí afárá oyin ló ti yọ́ tó sì dì pọ̀, tàbí tó ti fọ́. Kò sí eré tó lè tún un ṣe, kò sì sí oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ilé epo tó lè tú u. Ẹni tó bá ní òun ní i, owó rẹ ló ń wá.

Olówó_Ẹyọ, mi ò ní purọ́, ọkọ̀ á fà tó bá gé e. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn nílùú yìí ni kò ní i mọ́. Àmọ́ òórùn epo á máa wọ inú ọkọ̀, orí á máa fọ́ àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, P0420 ò sì ní kúrò lójú skánà. Èmi á ní kó wá kátálíìsì tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti ojúlówó. Tó bá dé ọjà, kó gbé e sókè, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, ó gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀. Kó mì í. Tó bá dún wọ́rọ́wọ́rọ́ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kó dá a padà.

Kí a tó débẹ̀, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kátálíìsì kì í ṣàdédé yọ́. Ọmọ_Àgbẹ̀ni, ta ló yọ gílóòbù check engine rẹ, ìgbà wo sì ni?

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | 2:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin Bàbá, mo rò ó títí, mo ti rántí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹnjíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná kan wá ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Rìwáyà kan ní sẹ́ńsọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó gba ₦3,000, iná náà ò tàn mọ́. Èmi rò pé ó tún un ṣe ni. Mo wà á bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kí ẹlòmíràn tó bá mi pààrọ̀ kọ́ìlì kan, gbígbọ̀n náà sì lọ.

Rìwáyà_Mushin | 2:44 ọ̀sán

Ojú ń tì mí nítorí iṣẹ́ wa. ₦3,000 láti yọ gílóòbù!

Bàbá_Gáàtì | 3:10 ọ̀sán

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Check engine tó tàn tó sì dúró, o lè rọra wà á délé. Èyí tó ń ṣẹ́jú, ọpọlọ ọkọ̀ ń sọ fún ọ pé epo tí kò jó ń dà sínú kátálíìsì lọ́wọ́lọ́wọ́ ni. Kọ́ìlì kan kú, plọ́ọ̀gì ibẹ̀ ò tanná, epo tútù ń kọjá lọ sínú sílẹ́ńsà, ibẹ̀ ló ti ń jó. Oṣù mẹ́rin! Iná ilé alágbẹ̀dẹ lo ń dá sábẹ́ ọkọ̀ rẹ.

Kí o tó so òmíràn, yọ plọ́ọ̀gì tuntun yẹn kí a wo àlàfo ẹnu wọn. 1.1 mílímítà ni. Mo ti rí èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àlàfo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Camry | 3:22 ọ̀sán

Iná tèmi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí òjò ń rọ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí.

Bàbá_Gáàtì | 3:30 ọ̀sán

Ìyá_Ìbejì, omi ti wọ ilé plọ́ọ̀gì rẹ nìyẹn, tàbí ara kọ́ìlì kan ti sán. Ẹ má dúró de òjò kejì. Ẹ gbé e wá.

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | Ọjọ́ Sátidé, 5:47 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o. Wọ́n gé kátálíìsì náà lánàá. Ìdajì ojú rẹ̀ ti yọ́ di bíi gíláàsì dúdú. Ìdajì yòókù ti fọ́, àwọn ègé rẹ̀ kan ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá tòkunbọ̀ kan, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, mo mì í, ọlọ́jà náà ń wò mí bí ẹni tó ń ṣa iṣu. Plọ́ọ̀gì kan nínú mẹ́rin ni àlàfo rẹ̀ kéré, a tún un ṣe.

Ó fà. Ọkọ̀ dé 100 lórí títì Ọ̀yọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: tó bá kọjá 100, ó tún ń rọ̀ bí ẹni tó rẹ̀. MAF ka 36 ní 3000 báyìí. Kì í ṣe 21, kò sì dé 44 yín. Ṣé kátálíìsì tí mo rà ni?

Rìwáyà_Mushin | 6:05 ìrọ̀lẹ́

O ní àwọn ègé kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ibo ni wọ́n lọ?

Bàbá_Gáàtì | 6:09 ìrọ̀lẹ́

Rìwáyà_Mushin, o gbà á lẹ́nu mi. Inú sílẹ́ńsà ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Gbá a pẹ̀lú ọwọ́ nígbà tó bá tutù, wàá gbọ́ wọn.

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | Ọjọ́ Ajé, 7:35 alẹ́

Wọ́n tú sílẹ́ńsà ẹ̀yìn. Ohun tó dà jáde nínú rẹ̀ kún agolo mílíìkì kan. Mo ti fi í pamọ́ láti fi han mẹkáníìkì tó fẹ́ tà mí ní gíà.

43 ní 3000. Rìwáyà kan ti dá gílóòbù check engine padà, ó ń tàn bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ó ń kú bí mo bá ṣáná. Mo gba Mókọ́lá délé lónìí pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú ọkọ̀ àti àpò gàrí kan ní búùtù. Mo ń wá Màrúwá yẹn káàkiri, mi ò rí i.

Bàbá_Gáàtì | 7:50 alẹ́

Ó dáa. Fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ lọ́la kí o tó ṣáná. Ẹnjíìnì yẹn máa ń jẹ ọ́ìlì tó bá ti dàgbà, ọ́ìlì tó ń jó náà máa ń ba kátálíìsì jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibo ló dúró sí?

Ọmọ_Àgbẹ̀ni | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:58 àárọ̀

Ìsàlẹ̀, Bàbá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ọ̀pá náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo pààrọ̀ ọ́ìlì.

Bàbá_Gáàtì | 7:03 àárọ̀

Dà á kún kí o tó jáde. Kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ lónìí. Tó bá ti fi 1000 kún un, padà wá sọ iye tó jẹ.